Ilé etí òkun tí a háyà fún ọjọ́ 7: bẹ́ẹ̀dì tutù, iná ń já. Kí ni ká kọ́kọ́ mójú tó?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn kíákíá. Èmi àti ọkọ mi, àwọn ọmọ wa méjì (ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 9, èkejì ọdún 4) àti ìyá ọkọ mi la jọ wá sinmi. Ilé kékeré kan létí òkun la háyà, àná ìrọ̀lẹ́ la sì wọ ibẹ̀. Téèyàn bá jáde lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, kò ní rìn tó ọgọ́ta ìṣísẹ̀ kó tó kan omi.

Ilé náà rẹwà gan-an, àmọ́ ara wa ò tíì balẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ńṣe ló tutù bí aṣọ tí wọ́n ká lórí okùn kó tó gbẹ. Inú ilé ń rùn bí àpótí tí wọ́n ti tì pa tipẹ́. Fèrèsé yàrá ìyá ò ṣí, ìdè rẹ̀ ti dógùn-ún. Ní nǹkan bí aago 2 òru, súwíìṣì ńlá já wálẹ̀, gbogbo ilé ṣókùnkùn. Ọkọ mi gbé e padà, kò pẹ́ ló tún já. Ìyá ò fojú ba oorun, wọ́n ní ìró ìgbì ń lù wọ́n láyà. Láti aago 6 làwọn ọmọ sì ti ń fà mí láṣọ pé àwọn fẹ́ wọ inú omi.

Mo pe onílé. Ó ní kí n ṣí fèrèsé, ó sì pa fóònù. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Èsì 1
Ẹ kú ìrìn àjò, ẹ kú àìsùn. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, ìyẹn ni màá sì sọ̀rọ̀ lé. Súwíìṣì tó ń já yẹn ń gbà yín lọ́wọ́ ewu ni. Ẹ má máa gbé e padà ṣáá, ẹ má sì fi ohunkóhun há a. Ẹ yọ gbogbo ohun tó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, títí kan fíríìjì, kí ẹ tó gbé súwíìṣì náà sókè, kí ẹ wá máa ki wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá já a, òun ni ọ̀daràn. Afẹ́fẹ́ òkun ń gbé iyọ̀ wọlé, iyọ̀ yẹn ń fa omi mọ́ra, omi oníyọ̀ sì máa ń gbé iná dáadáa. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ́kọ́ fura sí iná ìta àti ohunkóhun tí wọ́n fi ń mú omi gbóná. Bí ẹ bá yọ gbogbo rẹ̀ tó ṣì ń já, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí onílé mú oníṣẹ́ wá lónìí, kì í ṣe lọ́la.

Èsì 2
Ẹ má kàn ṣí fèrèsé sílẹ̀ tọ̀sán tòru bí onílé ṣe wí o! Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nílé kan bí irú èyí. Ìrì òru wọlé bá wa, nígbà tó fi di àárọ̀, mo lè fi ìka kọ orúkọ mi sára dígí láti inú. Ọ̀sán tí oòrùn bá mú ni kí ẹ ṣí i, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà, kí afẹ́fẹ́ lè la inú ilé kọjá. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ tì í. Ẹ dá àwọn fóòmù dúró lóòró fún wákàtí mélòó kan, ẹ sá gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri, bí ìbú ọwọ́ kan. Tówẹ̀ẹ̀lì tó tutù kò gbọ́dọ̀ sùn nínú yàrá. Òun ló ń sọ yàrá di ilé olú.

Èsì 3
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ títì yẹn fẹ́ ìṣọ́ra. Bí nǹkan tó ń jó gáàsì tàbí igi bá wà nínú ilé yẹn, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ rọ́nà wọlé tọ̀sán tòru. Káàbọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì, ìyẹn gáàsì olóró tó ń jáde lára ohun tó ń jó, kò láwọ̀, kò sì lóòórùn, ẹni tó bá ń sùn kì í mọ̀ pé ó ti wọlé. Bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn tàbí èébì ń gbé wọn, tó sì ń fúyẹ́ bí wọ́n bá bọ́ síta, ẹ kó gbogbo èèyàn jáde kíá, kí ẹ pe àwọn tó ń gba ẹ̀mí là. Ẹ wá ẹ̀rọ tó máa ń ké bí gáàsì olóró yìí bá wọlé lára ògiri tàbí àjà, ẹ tẹ bọ́tìnì rẹ̀ wò. Bí kò bá sí, ẹ má tan ohunkóhun tó ń jó sílẹ̀ sùn.

Èsì 2
Àbúrò, o ṣeun, òótọ́ lo sọ. Èmi ò ro ti gáàsì rárá. Ìyá àwọn ọmọ, ihò afẹ́fẹ́ kékeré tó wà lára ògiri, ẹ má ṣe dí i bí òtútù tilẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé.

Èsì 4
Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Ọdún tí tiwa pé ọmọ ọdún 3, à ń kó ẹrù wọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Èmi rò pé ó wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ rò pé ó wà lọ́dọ̀ mi. Bàtà rẹ̀ la kọ́kọ́ rí, méjèèjì tò sórí iyanrìn, omi sì ti ń dé ìdí wọn. Ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ ojú omi kan, ó ń gbẹ́ iyanrìn. Títí dòní, bí mo bá rí bàtà ọmọdé nílẹ̀, àyà mi á já. Ẹ kan ìkọ́ sókè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lónìí, níbi tí ọwọ́ ọlọ́dún 4 ò lè dé.

Kí wọ́n tó fẹsẹ̀ kan omi, ẹ lọ wo òkun nígbà tó bá fà, kí ẹ rí ibi tí kòtò àti òkúta wà. Ní ọ̀pọ̀ etíkun, láti ìgbà tó bá kún dé ìgbà tó tún máa kún jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25, torí náà ó ń fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Aago tí ibi kan gbẹ lónìí kọ́ ló máa gbẹ lọ́tùn-únla. Lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ sábà máa ń ti òkun wá sílẹ̀. Lóru títí di àfẹ̀mọ́jú, ó lè ti ilẹ̀ lọ sí òkun. Àárọ̀ tí omi dákẹ́ rọ́rọ́ yẹn gan-an ló máa ń gbé bọ́ọ̀lù àti ọkọ̀ aláfẹ́fẹ́ àwọn ọmọ lọ. Bó bá gbé e, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ibi tí ìgbì kò ti ń fọ́, láàárín ibi méjì tó ti ń fọ́, ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni ìṣàn ti ń fa omi padà sẹ́yìn. Ẹ kọ́ ọlọ́dún 9 pé bó bá gbé òun, kó má bá a jà. Kó léfòó, kó nawọ́ sókè, kó kígbe. Bó bá lágbára, kó wẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kó má wẹ̀ wá sílẹ̀ tààrà. Ọlọ́dún 4 ní tiẹ̀, ibi tí ọwọ́ yín ti lè bà á nìkan.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀rọ̀ bàtà yẹn pa mí lẹ́kún. Ọkọ mi ti lọ wá ìkọ́.

A ti rí ọ̀daràn iná: ìkòkò oníná tí wọ́n fi ń se omi ni. Nígbà tí mo dojú ìdí rẹ̀ sókè, nǹkan funfun àti àwọ̀ ewé ti yí àwọn irin ibẹ̀ ká bí èbu. Mo ti gbé e síta. Iná ò já mọ́. Ó ku ti ìyá.

Èsì 5
Ẹ gbé ìyá lọ sí yàrá ẹ̀yìn, èyí tí kò kọjú sí omi. Fèrèsé tí kò ṣí yẹn, mi ò fẹ́ kí àgbàlagbà sùn síbẹ̀, nítorí iná tàbí èéfín. Ẹ bá wọn tan iná kékeré sí ọ̀nà ilé ìwẹ̀, torí bí wọ́n bá jí lóru, wọn ò mọ ibi tí àtẹ̀gùn wà.

Kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun kúrò níbi tó wà, ẹ ya fọ́tò fèrèsé yẹn, ìkòkò yẹn, ògiri tó bu àti mítà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé lónìí. Kó má baà di pé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ. Bí ilé náà bá ti wà ní títì ṣáájú kẹ́ ẹ tó dé, ẹ jẹ́ kí omi tápù àti ti ṣáwà dà fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó wẹ̀, torí omi tó ti dá dúró sínú páìpù kì í mọ́. Ìta ni kí àwọn ọmọ ti fọ ẹsẹ̀. Iyanrìn kì í yọ́, inú páìpù ló máa ń jókòó sí.

Ẹni tó béèrè
Mo ti ya fọ́tò 23, mo sì ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Onílé pe èmi fúnra rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó ní ẹni tó máa tún fèrèsé ṣe ń bọ̀ ní aago 4. Ìkọ́ ti wà lókè ilẹ̀kùn. Àwọn fóòmù ṣì wà ní ìdúró, ẹ̀gbẹ́ kan ti gbẹ. Ìyá ti sùn ní yàrá ẹ̀yìn láti bíi wákàtí kan, àwọn ọmọ sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń dúró kí òkun fà kí a lè jọ lọ wò ó.