Àpótí irinṣẹ́ oníbátìrì, orí mẹ́fà lórí ẹ̀rọ kan: ṣé kí n rà á?

Káfíńtà Mọ́níyà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ṣe fúrídọ̀mù. Kábínẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná àti wọ́dúróòbù ni mò ń ṣe jù, ilé tí wọn ò tíì fa iná sí ni mo sì ti sábà máa ń tò wọ́n. Jẹnẹrétọ̀ tí mò ń dì sẹ́yìn ọ̀kadà ti sú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítorí ihò síkúrù ogójì péré, epo tí mo jó ju owó oúnjẹ ọmọ iṣẹ́ mi méjèèjì lọ.

Mo wá rí àpótí kan lọ́jà. Ìdí ẹ̀rọ kan ni, orí mẹ́fà ni wọ́n ń pààrọ̀ sí i: dírílì, ayùn kékeré, ti sáńpépà, n ò rántí ìyókù. Bátìrì méjì wà níbẹ̀, 88V (fóltì) gàdàgbà lára wọn. Ẹni tó ń tà á ní yóò gé igi apá bí ẹni gé iṣu. Mo fẹ́ràn pé mo lè gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ èjìká. Ṣé kí n rà á? Owó ilé ìwé ọmọ ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fi owó ṣòfò.

Bàbá Onípákó
Káfíńtà, mo ti ra irú rẹ̀ rí. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí ibi tí orí ti ń wọnú ìdí fi fẹ̀, ló bá ń mì bí eyín àgbà. Ihò tó yẹ kó tọ́, ó wọ́. Kò burú fún ẹni tó fẹ́ kan férémù mọ́ ògiri lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ìwọ tí o máa lu ihò, tí o tún máa yí síkúrù sí i, wàá pààrọ̀ orí títí ọwọ́ á fi bó. Tí ìdí yẹn bá sì jó, orí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di ohun ìṣeré ọmọdé nìyẹn. Ẹni tó ní ó máa gé apá, ṣé òun ti gé apá rí?

Alábátìrì
Èmi ò mọ igi, bátìrì ni mò ń tún ṣe. 88V yẹn, irọ́ ni. Ẹ tú u wò: ọmọ bátìrì márùn-ún lẹ máa bá níbẹ̀. Ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 3.6V, ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní 18V nìyẹn. Tó bá kún dáadáa, ìkọ̀ọ̀kan á tó 4.2V, àpapọ̀ rẹ̀ á di 21V. 18V, 20V, 21V, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Kó tó pé 88V, ọmọ inú rẹ̀ á lé ní ogún, kò sì ní í wọ àtẹ́lẹwọ́ mọ́.

Ah, ìyẹn bí iná tí bátìrì lè gbà sínú ṣe pọ̀ tó, ni kí ẹ máa wò: 4Ah á pẹ́ tó ìlọ́po méjì 2Ah. Ẹ má ti bátìrì tó ṣì gbóná láti ẹnu iṣẹ́ bọ ṣájà, ẹ má sì fi sílẹ̀ sórí páànù nínú oòrùn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń gbé wá bá mi, ooru ló pa wọ́n.

Káfíńtà Mọ́níyà
Háà! Kí ni kí n wá rà, bàbá?

Bàbá Onípákó
Dírílì kan, ìńpáàtì kan fún síkúrù, kí àwọn méjèèjì máa lo irú bátìrì kan náà. Ra bátìrì 4Ah méjì, kí ọ̀kan máa gba iná bí èkejì bá ń ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n kọ brushless sí lára ni kó o béèrè, kò ní kábọ̀n tí yóò máa jẹ tán. Tó bá yá, wàá ra ayùn róbótó, abẹ 165mm, òun nìkan láìsí bátìrì, kó ṣáà máa lo irú bátìrì tó o ti ní. Pílíwúùdù àti MDF, pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ ṣe, ni kó o máa fi gé. Apá àti ìrókò, jẹ́ kí wọ́n bá ọ là wọ́n ní ọjà pákó Bódìjà, kó o fá wọn ní ṣọ́ọ̀bù, kó o tó gbé wọn lọ tò.

Káfíńtà Mọ́níyà
Mo padà lọ lónìí. Mo ní kí ọ̀gbẹ́ni yẹn tú bátìrì 88V wò, ó ní ṣé ọjà ni mo wá rà àbí mo wá wádìí òun. Mo bá tèmi lọ. Mo ti ra dírílì àti ìńpáàtì níbòmíràn, owó ayùn ni kò sí. Iná ò kúkú sí ní ṣọ́ọ̀bù tèmi náà, àmọ́ onígbàjámọ̀ tó múlé tì mí ní sólà, ó ní kí n máa gbé bátìrì wá. Kò gbowó. Bẹ́ńṣì méjì fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ní òun fẹ́, mo ti ń wọn pákó.