Báwo ni èèyàn ṣe ń wọ ìdíje chess níbí? Ẹ̀yin ará Èkìtì, ẹ gbà mí

Ọmọ Ìjerò, Leeds
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Èkìtì kete! Ìbéèrè mi kì í ṣe ti físà tàbí ti owó ilé lónìí. Nígbà tí mo wà ní EKSU, chess la fi ń la òru já ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá ti mú iná lọ. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti dé ìhín, orí fóònù nìkan ni mo ti ń ta á, èèyàn tí n kò rí ojú ẹ̀ ni mò ń bá ta. Mo wá rí ìwé ìpolówó ìdíje kan ní láíbìrì àdúgbò wa: Fúráìdé sí Sọ́ńdè, ráúǹdì márùn-ún, Open, Major, Intermediate, Minor. Èwo ni tèmi nínú gbogbo ìyẹn? Ṣé wọ́n á béèrè ìwé kan lọ́wọ́ mi? Sọ́ńdè ńkọ́? Inú ẹgbẹ́ akọrin ni mo wà.

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́rẹ́, Manchester
Àbúrò, o káre. Fi fọ́ọ̀mù yẹn sílẹ̀ ná, wá ẹgbẹ́ tó ń ta chess nítòsí rẹ. Ojúlé English Chess Federation (ECF), àjọ chess ti England, lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ibi tí o ti lè wá ẹgbẹ́ tó wà ládùúgbò rẹ. Ọ̀pọ̀ wọn ń pàdé lálẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní yàrá òkè ilé ọtí. Má jẹ́ kí ti ilé ọtí yẹn bà ọ́ lẹ́rù. Ra Fanta rẹ, kí o jókòó.

Ìdí tí mo fi ní kí o ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé àwọn ará ẹgbẹ́ ló mọ ìdíje tó ṣeé lọ, àwọn ló ní mọ́tò tí wọ́n á fi gbé ọ dé ibẹ̀, wọ́n sì máa ń wá ẹni tí yóò jókòó sí bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ fún wọn nínú líìgì. Ẹni tó bá dá lọ sí ìdíje láìmọ ẹnì kankan, tí ráúǹdì kan bá ti parí, ògiri ni yóò máa wò títí èkejì á fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ọmọ wa tó mọ̀ ọ́n ta dáadáa tó lọ bẹ́ẹ̀, tí kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Rating, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi bí èèyàn ṣe mọ̀ ọ́n ta tó hàn, ló ń pín àwọn abala yẹn. Open ni ti gbogbo ayé, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀gá wà. Ìwọ tí o kò ní rating, ti ìsàlẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò, bí wọ́n bá ń gba ẹni tí kò ní sí i. Sọ fún olùṣètò iye tí o ní lórí fóònù. Kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti orí tábìlì, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ kí ọ̀ta lọ fara pamọ́ sáàárín àwọn òpè nítorí ẹ̀bùn. Ní ti ìwé, ọmọ ẹgbẹ́ ECF ni wọ́n máa ní kí o jẹ́ kí wọ́n tó lè ka ayò rẹ sí rating. Bí o bá ti ní nọ́ńbà FIDE, àjọ chess àgbáyé, láti Nàìjíríà, má yí i padà. Kò ní kí o má ta ìdíje níbí.

Ìyá Ìbejì, Birmingham
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti Sọ́ńdè, torí àwọn ọmọ mi méjèèjì ń ta á. Wo fọ́ọ̀mù yẹn dáadáa, wàá rí ibi tí wọ́n kọ "bye" sí. Tí o bá ti sọ ṣáájú pé o ò ní sí níbẹ̀ ní ráúǹdì òwúrọ̀ Sọ́ńdè, ìdajì póìǹtì ni wọ́n sábà máa ń fúnni, bí ẹni pé o ta ọ̀mì. O ti kọrin tán, o sì tún dé bá ráúǹdì ọ̀sán. Ka òfin wọn o, torí ọ̀pọ̀ kì í fúnni ní bye ní ráúǹdì ìkẹyìn. Tí o bá kàn lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, òdo ni, ẹni tí wọ́n fi ọ́ bá ta á sì jókòó lásán ti bọ́ọ̀dù. Ìyẹn ló ń bí wọn nínú jù.

Ọmọ Ọ̀yẹ́, Köln
Ẹ̀yin ti England ń jayé. Ní Jámánì níbí, Sọ́ńdè gan-an ni líìgì wọn. Kò sí bye kankan. Ohun tí mò ń ṣe ni pé kí ìgbà líìgì tó bẹ̀rẹ̀, mo ti fún kápútéènì wa ní àwọn Sọ́ńdè tí mi ò ní lè wá, wọ́n á fi ẹlòmíràn dípò. Wọ́n fẹ́ràn kéèyàn sọ̀rọ̀ ṣáájú. Owó ẹgbẹ́ ọdọọdún kò wọ́n, kò tó ti jíìmù rárá.

Ọmọ Ìkọ̀lé, Houston
Ti Amẹ́ríkà níbí: ìwọ fúnra rẹ lo máa gbé bọ́ọ̀dù, ọmọ chess tí a ń gbé lórí rẹ̀ àti aago wá. Ọ̀pọ̀ ìdíje kì í pèsè rẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti England máa ń rò pé wọ́n ń bá òun ṣeré ni.

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́rẹ́, Manchester
Òótọ́ ni. Àbúrò Ìjerò, jẹ́ kí n tún sọ ti ìwà nídìí tábìlì, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́ fún àwọn tó kọ́ ọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Nídìí ayò nílé, ẹnu la fi ń ta á ju ọwọ́ lọ. Òǹwòran á sọ̀rọ̀, ọ̀ta á fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo rẹ̀ ló sì dùn. Níbí, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ẹ lẹ́nu. Kódà bí o bá rí i tí wọ́n rú òfin lórí bọ́ọ̀dù ẹlòmíràn, rẹfirí nìkan ni o lè sọ fún.

Ọmọ tí o bá mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ kàn ni o máa gbé. O fọwọ́ kan ẹṣin, o wá rí i pé bí o bá ṣí i kúrò níbẹ̀, ayaba rẹ lọ. Ó ti bọ́. Ẹṣin yẹn náà ni, bó bá ṣáà ti ní ibi tó lè lọ. Tí o bá kàn fẹ́ tún ọmọ tò kó jókòó dáadáa, "I adjust" ni kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀. Tí o bá fẹ́ fi rook, ọmọ tó dà bí ilé ìṣọ́, bo ọba (castling), ọba ni kí o kọ́kọ́ gbé, ọwọ́ kan ni kí o sì lò. Bí o bá kọ́kọ́ mú rook, alátakò tó gbọ́n lè pe rẹfirí, o ò sì ní lè bo ọba lápá ibẹ̀ mọ́ ní ìgbà yẹn. Ọwọ́ tó gbé ọmọ náà ni yóò tẹ aago. Fóònù, pa á pátápátá, kí o fi sínú báàgì. Bó bá fi lè dún, ayò lọ nìyẹn.

Ọmọ Ìjerò, Leeds
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀sán Sátidé gan-an ni màmá mi máa ń pè láti ilé. Màá ti sọ fún wọn.

Bàbá Olùkọ́, Adó-Èkìtì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ wa. Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà tí Tunde Onakoya, ọmọ Nàìjíríà wa, ti ta chess fún 60 wákàtí ní Times Square ní New York ní 2024, àwọn ọmọ ilé ìwé wa kò jẹ́ kí n sinmi. Mo fẹ́ ṣe ìdíje ọjọ́ kan fún wọn ní oṣù Kejìlá, bí ọmọ 32. Bọ́ọ̀dù ò ṣòro. Aago ni kò sí, iná náà kò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Ráúǹdì mélòó ló yẹ? Àbí kí n máa yọ ẹni tó bá pàdánù?

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́rẹ́, Manchester
Ẹ kú àánú àwọn ọmọ, sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó ti Ẹfọ̀n wá, tó pàdánù ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kí ni yóò máa ṣe títí di ìrọ̀lẹ́? Swiss ni kí ẹ lò. Zürich ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó ní 1895. Gbogbo ọmọ ló máa ta gbogbo ráúǹdì, ẹni tó ní póìǹtì kan á pàdé ẹni tó ní kan, ẹni tí kò ní á pàdé ẹni tí kò ní, ẹni méjì kì í sì í pàdé lẹ́ẹ̀mejì. Fún ọmọ 32, ráúǹdì márùn-ún tó. Kò lè ju ẹnì kan lọ tí yóò jẹ gbogbo rẹ̀.

Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí aago máa fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kún un ní gbogbo ìgbà tó bá gbé ọmọ orí bọ́ọ̀dù. Ayò kan kò ní sábà ju ìdajì wákàtí lọ. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá, tí ẹ jẹun lọ́sàn-án, ẹ ti lè parí ní aago mẹ́ta.

Kò nílò iná. Ẹ gé káàdì, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Orúkọ wà lókè, lábẹ́ rẹ̀ ẹni tó bá ta, funfun tàbí dúdú, póìǹtì tó ní. Lẹ́yìn ráúǹdì, ẹ kó káàdì jọ ní ìdì ìdì gẹ́gẹ́ bí póìǹtì, kí ẹ tú wọn sí méjì méjì lórí tábìlì. Bí póìǹtì àwọn kan bá dọ́gba nígbẹ̀yìn, ẹ ṣírò póìǹtì gbogbo àwọn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá ta pọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ló wà lókè, torí àwọn alágbára ló bá ta. Buchholz ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ rating FIDE, ẹ fi sílẹ̀ lọ́dún yìí. Ó ní rẹfirí tó gbọ́dọ̀ níwèé àṣẹ, àjọ chess ti Nàìjíríà ló sì máa fi orúkọ ìdíje ránṣẹ́.

Ìyá Ìbejì, Birmingham
Ta ló ń lọ sílé ní Kérésì? Aago alábátìrì ni kí a rà o, èyí tí wọ́n ń yí lọ́wọ́ kò lè fi ìṣẹ́jú àáyá kún un. Ẹ yọ bátìrì kúrò kí ẹ tó kó o sínú báàgì. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ mi ń tà lára àwọn àtijọ́ tiwọn, màá bá wọn dúnàádúrà.

Ọmọ Ọ̀yẹ́, Köln
Mò ń lọ. Báàgì mi ṣì láyè. Sátidé wo ni, sà?

Bàbá Olùkọ́, Adó-Èkìtì
Sátidé oṣù Kejìlá kẹ̀? Àwọn ìgbéyàwó ti gba gbogbo tábìlì àti àga tó wà ní Adó tán. Túsìdeè tó tẹ̀lé Kérésì ni kí a mú, owó ìyálò á sì rọjú. Màá bá ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn lọ́la. Ẹ bá mi wá bátìrì tó dára náà, ayédèrú ló pọ̀ níbí.