Ìròyìn ọ̀daràn wo ni kí n kà tẹ̀lé èyí?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìròyìn gígùn tí David Grann kọ sínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà náà, The New Yorker, lọ́dún 2009, lórí Cameron Todd Willingham. Ilé ọkùnrin yìí jóná ní Corsicana, ní Texas, lóṣù Kejìlá 1991, ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta sì kú síbẹ̀. Wọ́n ní òun ló dáná sun ún. Ìjọba pa á ní 2004. Grann tú ẹ̀rí náà palẹ̀: gíláàsì tó sán àti àmì ara ilẹ̀ tí wọ́n ní epo ló fà, iná lásán lè ṣe é. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ti sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó pa á, wọn ò dá a lóhùn. (Ẹ má kà á lálẹ́ o.)

Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló kàn? Èyí tó ń yẹ iṣẹ́ ọlọ́pàá àti kóòtù wò ni mo fẹ́, kì í ṣe èyí tó kàn ń ka ọgbẹ́ òkú fún wa. Mo mọ In Cold Blood tí Truman Capote kọ, ti 1965, lórí ìdílé kan tí wọ́n pa, àmọ́ àròsọ wọ inú ẹ̀ díẹ̀, ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ tún bá mi ronú kan ti ilẹ̀ wa, bóyá láyé ìwé ìròyìn Newswatch tàbí Tell. Ẹ fi ọdún tó jáde sí i, kí n lè wá a lọ sílé ìkàwé.