Níbo ni òbí ti lè kọ́ bí a ṣe ń gba ẹ̀mí ọmọ là kí a tó dé ilé ìwòsàn?

Ìyá Mofẹ́, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, ọmọ mi tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta ju kóró àgbálùmọ̀ kan sí ẹnu níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sí tí ó ń jẹ ẹ́. Inú ilé ìdáná ni mo wà. Kì í ṣe igbe ni ó gbé mi dìde, bí ilé ṣe dákẹ́ lójijì ni. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti ràn kalẹ̀, ó la ẹnu ṣùgbọ́n ohùn kankan kò jáde, ètè rẹ̀ sì ti ń dúdú. Mo dojú rẹ̀ dé orí itan mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a lẹ́yìn láìmọ̀ bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ní ìgbà kẹrin ni kóró náà fò jáde, tí ó sì yí lọ sí abẹ́ àga. Ó ṣì wà lójú fèrèsé ilé ìdáná mi títí di òní, ọwọ́ mi kò gbà á láti jù ú nù.

Láti ọjọ́ náà ni oorun kò ti kun ojú mi. Níbo ni òbí tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera ti lè kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ọmọdé, àti CPR pàápàá, ìyẹn títẹ àyà àti fífẹ́ èémí sí ẹni tí kò mí? Ẹ jọ̀wọ́, ohun tí ojú yín ti rí ni mo fẹ́ gbọ́.

Àdùnní, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ewu. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Òṣogbo

Ẹ kú ewu, Ìyá Mofẹ́. Gbígbá tí ẹ gbá a lẹ́yìn yẹn náà ni ó yọ ọ́, nítorí náà ẹ má ṣe dá ara yín lẹ́bi. Bí ọmọ bá ń húkọ́ tí ohùn rẹ̀ sì ń jáde, ẹ jẹ́ kí ó máa húkọ́, ikọ́ náà ni yóò tì í jáde. Bí ohùn kò bá jáde mọ́, ẹ fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ gbá a ní àárín èjìká méjèèjì ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá tíì jáde, tí ọmọ náà sì ti ju ọmọ ọdún kan lọ, ẹ dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ di ẹ̀ṣẹ́ sí òkè ìdodo rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ egungun àyà, kí ẹ sì fà á wọnú àti sókè ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kì í gba èyí, nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè fara pa; àyà rẹ̀ ni a máa ń tẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹ má ṣe ti ìka bọ ọ̀fun ọmọ láti wá ohun tí ẹ kò rí, ẹ óò kàn tún tì í wọlé sí i ni.

Bí ọmọ bá wá dákú tí kò mí, ẹ tẹ́ ẹ sí ibi tí ó le, ẹ ké pe èèyàn, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ CPR: ẹ tẹ àyà ní ìgbà 30, ẹ wo ẹnu rẹ̀, ẹ fẹ́ èémí sí i ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Títẹ̀ náà gbọ́dọ̀ yá tó ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n mo ń kọ èyí, mo sì mọ̀ pé ẹni tí ó kà á kò tíì kọ́ ọ. Ọwọ́ ni ó ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀ka Red Cross ti ìpínlẹ̀ yín, láti ọdún 1960 ni òfin ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì wà lára iṣẹ́ wọn láti kọ́ ará ìlú.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ní London níbí, ibùdó àwọn ọmọdé tí ó wà ní àdúgbò wa ni mo ti kọ́ ọ nígbà tí oyún mi pé oṣù méje. Agbẹ̀bí mi ni ó sọ fún mi pé wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. British Red Cross àti St John Ambulance náà máa ń kọ́ òbí, ṣùgbọ́n owó ni tiwọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé áàpù Red Cross tí ó wà fún ìtọ́jú ọmọ kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí ni pé nígbà tí mo padà sí ẹnu iṣẹ́, èmi tí mo gba ìwé ẹ̀rí kọ́ ni mo wà nílé pẹ̀lú ọmọ. Ìyá ọkọ mi tí ó wá wẹ ọmọ fún wa láti Ìjẹ̀bú-Òde ni, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀. Mo ní láti fi ìrọ̀rí kọ́ Màmá ní orí ibùsùn, mo sì kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ti ibí, àti bí wọn yóò ṣe ka àdírẹ́sì ilé wa ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Màmá fi ń ka àdírẹ́sì náà bí ẹni ń ka sáàmù.

Bàbá Ọlámidé, Ìkòròdú

Ẹ dárí jì mí, gbogbo yín ni ẹ ń bá ìyá sọ̀rọ̀, bàbá náà ni òbí. Èmi gba ẹ̀kọ́ yìí ní ilé iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ère àgbàlagbà, èyí tí a fi ń kọ́ bí a ṣe ń tẹ àyà, nìkan ni wọ́n gbé síwájú wa. Ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu ba ọmọdé. Ní oṣù kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni gìrì mú Ọlámidé. Ara rẹ̀ gbóná, ojú rẹ̀ yí sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo dúró bí igi. Àǹtí ìyàwó mi ni ó fi ṣíbí onírin ya eyín ọmọ náà, ìdajì eyín iwájú sì bá ṣíbí jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí wà níbẹ̀, mo sì ń wò.

Àdùnní, Abẹ́òkúta

Bàbá Ọlámidé, mo bá yín kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá àǹtí lẹ́bi jù. Ṣíbí ni wọ́n fi gba èmi náà nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, ìyá mi àgbà ni ó fi sí mi lẹ́nu kí n má ba à gbé ahọ́n mì. Ọmọ mẹ́sàn-án ni Màmá tọ́ dàgbà. Bí ẹ kò bá fi nǹkan sí i lẹ́nu, kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe?

Ìyá Mofẹ́, Ìbàdàn

Ìbéèrè tèmi náà nìyẹn. Ìyá mi ń tọ́jú ṣíbí kan tí wọ́n fi aṣọ wé sínú àpótí nítorí gìrì nìkan.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Òṣogbo

Ẹnikẹ́ni kò lè gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì. Ṣíbí a máa kán eyín, eyín tí ó kán sì lè bọ́ sí ọ̀nà èémí. Ẹ tẹ́ ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ àti èébì lè ṣàn jáde, ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀, ẹ gbé ohun tí ó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, kí ẹ sì wo aago. Púpọ̀ nínú gìrì tí ibà ń fà, láti oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, a máa dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tàbí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibà ẹ̀fọn ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná, ẹ má sì ṣe rọ ọ́ ní àgbo tí ó ní ìtọ̀ màlúù. Mo ti gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òbí rí, àgbo náà ni a kọ́kọ́ bá jà kí a tó kan gìrì.

Ọmọ Oníṣègùn, Ìlá-Ọ̀ràngún

Nọ́ọ̀sì, ẹ má ṣe da gbogbo àgbo pọ̀ mọ́ ti ìtọ̀ màlúù. Inú iṣẹ́ ìṣègùn ìbílẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi kì í sì í fi ohunkóhun sí ẹnu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún àwọn tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ni pé ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹni tí kò lajú kò lè yan èyí tí yóò gbà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Òṣogbo

Mo gbà. Òtítọ́ ni bàbá yín sọ.

Ìyá Fẹ̀yí, Ẹdẹ

Kì í ṣe gìrì nìkan. Nígbà tí omi gbígbóná da sí ọmọ mi lẹ́sẹ̀, aládùúgbò mẹ́ta gbé ẹyin, ògì àti oyin wá kí n tó rí ẹni tí ó sọ fún mi pé omi tútù tí ó ń ṣàn ni kí n fi ẹsẹ̀ náà sí fún 20 ìṣẹ́jú.

Kọ́lá, Houston

Ère tí Bàbá Ọlámidé sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìtàn tí ó wọ̀ mí lára. Ẹni tí ó kọ́ wa níbí sọ fún wa pé aṣe-nǹkan-ìṣeré-ọmọdé ni ọkùnrin tí ó ṣe é, Åsmund Laerdal, ará Stavanger ní orílẹ̀-èdè Norway. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ lọ nígbà tí ọmọ náà wà ní nǹkan bí ọdún méjì, òun fúnra rẹ̀ ni ó fà á jáde tí ó sì gba omi kúrò ní ọ̀nà èémí rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1960, ó gbé ère náà jáde. Bàbá ni òun náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ọ tipẹ́, ẹ tún un kọ́. Ìka méjì ni wọ́n kọ́ mi láti fi tẹ àyà ọmọ ọwọ́ ní 2019, ṣùgbọ́n nínú ìlànà tí American Heart Association, ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe ìlànà CPR ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2025, wọ́n ti fi ìka méjì sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ kan, tàbí àtàǹpàkò méjì pẹ̀lú ọwọ́ tí ó yí àyà ọmọ ká, ni wọ́n ń fẹ́ báyìí.

Bàbá Ọlámidé, Ìkòròdú

Ìka méjì ni mo rí nínú fídíò tí mo wò ní àná. Èwo ni kí a wá tẹ̀ lé?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Òṣogbo

Ti Kọ́lá ni kí ẹ tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìka méjì nìkan ni ẹ mọ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe dúró. Ìwé ẹ̀rí American Heart Association pàápàá kì í ju ọdún méjì lọ, ìdí rẹ̀ náà nìyẹn.

Ìyá Ẹlẹ́kọ̀ọ́, Agége

Ọmọ wẹ́wẹ́ 22 ni àwọn òbí ń fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi lójoojúmọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì yẹn gún mi dé ọkàn. Mo sanwó fún ẹnì kan láti wá kọ́ àwọn olùtọ́jú mi mẹ́rin. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ́ wọn fún wákàtí mẹ́ta, gbogbo wọn ń mi orí. Nígbà tí a gbé ère ọmọ síwájú wọn, kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ lé. N kò bá wọn wí, èmi ni mo pe olùkọ́ tí kò lè bá wọn sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo rí nọ́ọ̀sì kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó sì fi Yorùbá kọ́ wọn: "Tẹ̀ ẹ́, jẹ́ kí àyà rẹ̀ padà sókè, kí o tó tún tẹ̀ ẹ́." Ibi tí a ti kọ́kọ́ rí ìṣòro ni kíkà. Bí wọ́n bá ti kọjá ẹ̀wá, tí wọ́n dé ẹ̀rìndínlógún, ẹ̀tàdínlógún, ọ̀rọ̀ gùn ju títẹ̀ lọ, ọwọ́ wọn á sì máa falẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà ní kí wọ́n máa ka ení, èjì, ẹ̀ta dé ẹ̀wá, kí wọ́n sì kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí wọ́n tó fẹ́ èémí. Lójú ẹsẹ̀ ni ọwọ́ wọn yá. Ìyá Rísì tí kò ka ìwé rárá ni ó ṣe é dáadáa jù. Mo lẹ 767 àti 112 mọ́ ara ògiri fún wọn, nítorí ìwọ̀nyí ni nọ́ńbà pàjáwìrì ti Èkó.

Àdùnní, Abẹ́òkúta

Mo pe ìyá mi lórí fóònù ní alẹ́ àná nítorí ọ̀rọ̀ ṣíbí yẹn. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí ó ṣe eyín ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ó kán láti kékeré, tí a máa ń sọ pé gìrì ni ó kán an. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n sì ní ṣíbí ni. Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá Ẹlẹ́kọ̀ọ́, ṣé nọ́ọ̀sì yẹn lè wá sí Abẹ́òkúta?

Ìyá Ẹlẹ́kọ̀ọ́, Agége

Ó lè wá bí ẹ bá pọ̀ tó. Màá bi wọ́n, màá sì pè yín.

Ìyá Mofẹ́, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti rí nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn àdúgbò wa tí ó gbà láti fi Yorùbá kọ́ wa ní ọjọ́ Sátidé tí ó ń bọ̀, ó sì ní òun yóò yá ère ọmọ wá, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí a pé mẹ́wàá. Èmi, ìyá mi, àti ọmọbìnrin tí ó ń bá mi gbé ọmọ, mẹ́ta nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní agbègbè Mókọ́lá, Sángo tàbí Bódìjà, ẹ dárúkọ yín, ẹ sì mú ẹni tí ó ń bá yín tọ́jú ọmọ dání.

Ìyá Adé, Sángo

Èmi àti ìyá ọkọ mi ń bọ̀. Ó di márùn-ún.