Ọwọ́ ìyá mi tó ká lẹ́yìn rọpárọsẹ̀: ṣé abẹ́rẹ́ Botox tí wọ́n ń gún sójú náà ni?

Ọmọ Òkè-Àró, Àkúrẹ́
Mo kí gbogbo yín. Ó ti lé ní ọdún kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ìyá mi, ẹni ọdún 68. Ó ti ń rìn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ká mọ́ àyà, ìka rẹ̀ sì wọ inú àtẹ́lẹwọ́ débi pé, bí a bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, èmi á di ọrùn-ọwọ́ mú, àbúrò mi á máa ṣí ìka lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó wá fi òwú sáàárín kí èékánná má baà dá egbò sí i lára. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni dókítà ní abẹ́rẹ́ Botox lè tú u. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí àwọn òṣèré tí kò fẹ́ kí ojú wọn hunjọ ni mo mọ̀ mọ́ orúkọ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní májèlé ni. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé oògùn kan náà ni? Ṣé màmá á sì tún lè fi ọwọ́ yẹn bu òkèlè iyán?

Físíò kan ní Oǹdó
Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Oògùn kan náà ni, ẹ̀gbọ́n yín kò sì parọ́. Kòkòrò Clostridium botulinum ló ń pèsè rẹ̀, èyí tó lè wà nínú oúnjẹ agolo tí wọn kò sè dáadáa, tí ẹni tó bá jẹ ẹ́ á fi rọ títí tí èémí á fi ṣòro fún un. Bíńtín tí wọ́n ń lò ló sọ ọ́ di oògùn. Kí iṣan tó lè fà, àṣẹ gbọ́dọ̀ ti ọpọlọ wá bá a. Abẹ́rẹ́ yìí ń dí ẹnu ibi tí àṣẹ náà ń gbà jáde, iṣan á sì dẹ̀. Ẹwà kọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Alan Scott, dókítà ojú ní San Francisco, ló ń wá ohun tí yóò tún ojú tí kò wo ọ̀kánkán ṣe, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1989. Ìlà tó máa ń hunjọ láàárín ojú méjèèjì kò sí nínú àṣẹ náà títí di 2002. Ọwọ́ tó ká lẹ́yìn rọpárọsẹ̀ gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní 2010, ọdún kan náà pẹ̀lú túúlu tí kì í lọ bọ̀rọ̀.

Ní ti iyán, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Abẹ́rẹ́ kì í dá agbára padà. Ó kàn ń dẹ ohun tó le ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ẹ ó rí iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta yóò sì máa tán lọ, a ó tún un gún. Àárín àsìkò yẹn gan-an ni kí a máa na ọwọ́ náà lójoojúmọ́, kí a sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi aṣọ wé dì í mú. Bí ẹnikẹ́ni kò bá nà án, owó yín ṣòfò nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ wo èyí: ẹ ki ọwọ́ náà bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ sì fà á jẹ́jẹ́. Bí oríkèé bá ti gan bí igi, abẹ́rẹ́ kò lè tú u.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀bà-Ilé
Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe dókítà. Èmi gún tèmi síwájú orí ní ilé ìṣaralóge kan nínú Àkúrẹ́ yìí. Inú báàgì ọwọ́ ni arábìnrin náà ti yọ ìgò jáde nínú ooru, n kò sì bi í ní ohun tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ ẹ̀bi tèmi. Ní ọjọ́ karùn-ún, ìpéǹpéjú òsì mi wálẹ̀ bo ẹyinjú dé ìdajì. Ọkọ mi ní ta ni mò ń ṣẹ́jú sí. Dókítà ní yóò gbéra fúnra rẹ̀, ó sì gbéra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méje.

Apòògùn
Ooru inú báàgì yẹn kò dára rárá, nítorí fìríìjì tó tutù láàárín ìwọ̀n Celsius 2 sí 8 ni Botox ń gbé, ẹ sì mọ bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí kí wọ́n tó ṣí i. Ní 2024, ayédèrú rẹ̀ kó àwọn ènìyàn sí ìyọnu ní Amẹ́ríkà pàápàá. Ìwọ̀n oògùn yìí tí ilé-iṣẹ́ kan ń kọ sára ìgò kò sì bá ti ilé-iṣẹ́ mìíràn mu. Ẹ sọ fún dókítà bí màmá bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí bí wọ́n bá ń gún un ní gentamicin, oògùn apakòkòrò kan, nítorí gentamicin lè mú agbára abẹ́rẹ́ yìí pọ̀ sí i. Bí ó bá ṣòro fún un láti gbé nǹkan mì, láti sọ̀rọ̀ tàbí láti mí, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ Òkè-Àró, Àkúrẹ́
Mo dúpẹ́ púpọ̀. A ki ọwọ́ náà bọ omi láàárọ̀ yìí. Ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín ṣí, wọ́n sì dúró fún ìgbà díẹ̀. Àtàǹpàkò nìkan ló kọ̀. Màmá ní kí n béèrè, bí kò bá lè bu òkèlè mọ́, ṣé ó lè di abọ́ mú kí ọwọ́ òsì máa bù ú?

Físíò kan ní Oǹdó
Ohun tí a lè lé bá nìyẹn. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ gan-an fún dókítà kí ó tó gún un, nítorí yóò jẹ́ kó mọ iṣan tí yóò dẹ̀ àti èyí tí yóò fi sílẹ̀ kí abọ́ má baà bọ́.