Ṣé "gbèsè òwò" ni àbí "àlàfo òwò"?

Ẹ̀gbọ́n, mo rí "gbèsè òwò" tí ẹ dábàá fún "trade deficit", ìyẹn bí orílẹ̀-èdè kan bá ń ra ọjà lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ ju èyí tó ń tà fún un lọ. N kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá jẹ gbèsè, ẹnìkan ń bọ̀ wá sin ín lówó. Amẹ́ríkà ra ọjà Mẹ́síkò, ó sanwó, ó parí. Dọ́là náà lè padà wọlé láti fi ra bọ́ǹdì, ìwé tí ìjọba fi ń yáwó, ìyẹn ló máa di gbèsè, ìwé ìṣirò ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

"Àdánù òwò" tí ẹlòmíràn mú wá tún burú ju ìyẹn lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìfọpo Amẹ́ríkà ń ra epo rọ̀bì Kánádà, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń tà á jèrè. Àdánù dà níbẹ̀?

"Àlàfo òwò" ló bá a mu, torí àlàfo lè fẹ̀, ó lè dín, ó sì lè ṣí níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ní 1994 tí NAFTA, àdéhùn òwò láàárín Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò, bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ló ń tà jù fún Mẹ́síkò. Pésò, owó Mẹ́síkò, já wálẹ̀ ní December ọdún náà, ọjà Mẹ́síkò di pọ́ọ́kú, ti Amẹ́ríkà gbówó lórí fún wọn. Ní 1995, Amẹ́ríkà ló ń rà jù.

Ẹ jẹ́ ká fi "àlàfo ọjà" sọ́tọ̀ fún ẹrù tó ń gba ibodè kọjá nìkan, ká má ka iṣẹ́ tí wọ́n ń tà mọ́ ọn. Amẹ́ríkà ń ra ọjà Kánádà jù, ṣùgbọ́n òun ló ń ta iṣẹ́ báńkì àti ẹ̀tọ́ sọ́fítíwíà jù.

Àlàfo ọjà pàápàá kì í sọ gbogbo òótọ́. Ká ní ọkọ̀ kan tí wọ́n tò ní Mẹ́síkò ná wọn ní 25,000 dọ́là: ẹ̀yà ara rẹ̀ láti Amẹ́ríkà 10,000, ti Jàpáànù 6,000, ti Mẹ́síkò fúnra rẹ̀ 9,000. Ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò, ó kọjá 75 tí USMCA, àdéhùn tó rọ́pò NAFTA, béèrè. Kó tó di 2025, bó bá tún pé àwọn ìlànà yòókù, bí ti irin àti ti owó òṣìṣẹ́, kì í san owó ibodè. Aṣọ́bodè Amẹ́ríkà kọ 25,000 sí ìwọlé, 10,000 sí ìjáde. Àlàfo 15,000 bọ́ sórí Mẹ́síkò, bẹ́ẹ̀ 6,000 nínú rẹ̀ ti Jàpáànù ni.

Ó ku òdìkejì àlàfo òwò, ìyẹn bí orílẹ̀-èdè kan bá ń tà ju bó ṣe ń rà lọ. "Èlé òwò" kò ṣeé lò, owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀yáwó ni èlé. "Àlékún òwò" náà lè túmọ̀ sí pé òwò pọ̀ sí i lápapọ̀. "Ìtayọ òwò" ni mo dábàá: títà tayọ rírà.