Ọ̀dà ìlúgọ ni mo fara mọ́: èsì lórí orúkọ aṣọ bàálù ogun àtijọ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Ẹ ó rántí ìbéèrè tí mo gbé wá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Oníbàárà kan gbé iṣẹ́ kàlẹ́ńdà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Ṣómólú. Àwòrán àwọn bàálù tó ja ogun Hitler, tí wọ́n ṣì wà títí dòní, ló kún inú rẹ̀, ó sì ní Yorùbá ni kí gbogbo ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán jẹ́, torí àwọn ọmọ rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn àwọn bàálù yìí. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà títí mo fi dé ibi tí mo ní láti pe àwọ̀ ara wọn lórúkọ. Mo wá bi yín pé: kí ni ká máa pe irú bàálù ogun àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, kí sì ni ká máa pe ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún kí ọ̀tá má bàa rí i, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní camouflage?

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin láti Ìkòròdú dá mi lóhùn pé kí n kọ "bàálù ajagun àlòkù". Olùkọ́ wa kan fún mi ní "ọ̀dà ẹ̀tàn". Àbúrò wa ní Yábàá ní "àwọ̀ alágẹmọ" ló dára jù. Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti rò wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, èrò mi nìyí.

"Àlòkù" kò bá a mu. Ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ẹ lọ sí Ládípọ̀, ohun tí ẹnì kan ti lò tó wá ń tà fún ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Spitfire, bàálù ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́kọ́ fò ní 1936, ó lé ní 20,000 tí wọ́n ṣe. Ogun jẹ nínú wọn, ìjàǹbá jẹ nínú wọn, èyí tó pọ̀ gan-an ni wọ́n sì fọ́ tí wọ́n yọ́ irin rẹ̀ nígbà tí ogun parí. Èyí tó ṣì ń fò nínú wọn lónìí kò tó 100. "Àṣẹ́kù" ni mo máa kọ. Ẹni tó bá gbọ́ àṣẹ́kù á mọ̀ pé àwọn yòókù ti lọ.

Ní ti "ajagun", mo gbà á, àmọ́ bàálù ajubọ́ǹbù náà ń jagun. Èyí tí à ń sọ yìí, bàálù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń lé kiri ojú sánmà. Àwọn ará Jámánì ń pè é ní Jagdflugzeug, ìṣọdẹ sì ni Jagd tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ọdẹ sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ìdáhùn sí èyí tó le jù.

Olùkọ́ wa, ẹ má bínú, ẹ̀tàn kọ́ ni ọ̀dà yìí ń ṣe. Ẹni tí wọ́n tàn jẹ ti rí nǹkan, ó kàn gba irọ́ gbọ́ nípa rẹ̀ ni. Ọ̀dà ẹ̀tàn wà lóòótọ́. Àwọn ọmọ ogun òfurufú Kánádà kun àwòrán ìdérí ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí abẹ́ ikùn bàálù CF-18 wọn, kí ọ̀tá tó ń wò ó má mọ̀ bóyá ẹ̀yìn ló kọ sókè àbí ikùn. Ìyẹn ni kí á fi "ọ̀dà ẹ̀tàn" pè. Èyí tó wà lára Spitfire ọdún 1940 yàtọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ ewé tó gbó, kí ẹni tó bá wò ó látòkè má lè yà á kúrò lára oko àti igbó tó wà nísàlẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ sì ṣá, kí ó lè pò mọ́ ojú ọ̀run. Àwọn àgbà ní àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Àwọn tó kun bàálù yìí mọ̀, wọ́n sì kun ún nítorí ará ilẹ̀ tó ń wò. Ọdẹ tó ba sẹ́yìn igi, tí ẹran ò rí, kò purọ́ fún ẹran. Ó lúgọ ni. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ "ọ̀dà ìlúgọ".

Àbúrò mi ní Yábàá, alágẹmọ dùn létí, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un. Ṣùgbọ́n alágẹmọ ló ń pa ara rẹ̀ láwọ̀ dà. Bàálù ń dúró de ẹni tó máa kùn ún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1941, tí ìjà ti kúrò lórí oko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti bọ́ sórí òkun tó wà láàárín wọn àti Faransé, àwọ̀ ilẹ̀ kò wúlò mọ́. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi àwọ̀ eérú rọ́pò rẹ̀. Ènìyàn ló jókòó tó rò ó, ènìyàn ló gbé ọ̀dà. Ọdẹ tó bá kúrò nínú igbó lọ sí ọ̀dàn náà á pààrọ̀ ibi ìlúgọ rẹ̀.

Ó wá ku ìhà kejì, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì mẹ́nu bà. Kì í ṣe gbogbo ọ̀dà ló fẹ́ pamọ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú kàlẹ́ńdà náà ni Mustang, bàálù ogun Amẹ́ríkà, onírù pupa ti ẹgbẹ́ ogun 332nd, àwọn awakọ̀ òfurufú dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ́ṣẹ́ ní Tuskegee. Láti ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti ń gbéra lọ sójú ogun, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tí àwọn náà ń fò Mustang. Ìrù ẹgbẹ́ 52nd jẹ́ ìyeyè, ti 31st jẹ́ ìlà pupa, ti 325th jẹ́ igun mẹ́rin mẹ́rin dúdú àti ìyeyè bíi pátákó ayò. Ará Èkó kankan kò nílò àlàyé lórí èyí. Gbogbo Ẹ̀yọ̀ ló ń wọ funfun, akẹtẹ̀ la fi ń mọ̀ wọ́n: Adímú dúdú, Lábà pupa, Oníkò ìyeyè. Dáńfó wa náà, ìyeyè onílà dúdú, ó fẹ́ kí á rí òun láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ jẹ́ ká pe irú èyí ní "ọ̀dà ìdánimọ̀".

Ọ̀kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ yọ sọ́tọ̀. Ní 1943, lórí Sicily, erékùṣù ilẹ̀ Ítálì, àwọn ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà yìnbọn lu bàálù tiwọn fúnra wọn. Kí irú rẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ ní Normandy, etíkun Faransé tí wọ́n fẹ́ gbógun gúnlẹ̀ sí, wọ́n pàṣẹ pé kí bàálù wọn wọ ìlà funfun mẹ́ta àti dúdú méjì lára apá àti ara, ó sì ku díẹ̀ kí ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1944 pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kun ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìlà náà wọ́. Àwọn tó mọ nǹkan nípa àṣẹ́kù bàálù, bí wọ́n bá rí ìlà yìí tó gún ju bó ṣe yẹ lọ, inú wọn kì í dùn sí i. Kí ni gbogbo wọn jọ wọ nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo yìí, bí kò ṣe àǹkóò? Mo ti kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán oṣù kẹfà: "Àǹkóò ọjọ́ Normandy."

Orúkọ tó máa kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ló kù. "Ilà" ni mo kọ́kọ́ fẹ́, bí ilà ojú, torí pé àbàjà àti pélé ń sọ ibi tí ènìyàn ti wá. Spitfire kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ P7350 ló yí èrò mi padà. Ó jagun ní 1940, ìbọn sì bà á. Ní Coningsby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà báyìí, lọ́wọ́ Battle of Britain Memorial Flight, ẹ̀ka ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì tó ń tọ́jú àwọn bàálù ogun àtijọ́. Láti ìgbà dé ìgbà ni wọ́n ń tún un kùn, tí wọ́n ń fi lẹ́tà àti àmì bàálù mìíràn sí i lára, kí wọ́n lè fi rántí awakọ̀ mìíràn. Àwọn kan ní ó yẹ kí ó máa jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ nìkan. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀, ó ń ṣojú àwọn tí kò ní àṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń bọ́ tí à ń wọ̀ kì í ṣe ilà. Aṣọ ni. Ibi tí wọ́n ti dí ojú ìbọn lára apá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ lábẹ́ gbogbo aṣọ tó ti wọ̀. Ìyẹn ni àpá tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí mi ò rí. Ọ̀dà abẹ́ Spitfire yẹn, "ojú ọ̀run" ni Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ayìnrín. Mo pò ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó sún mọ́ ewé ju aró lọ. Bí mo bá kọ "ojú ọ̀run", ayìnrín làwọn ọmọ máa rò. Bí a bá sì fa aṣọ yọ nínú ìkòkò aró, kí afẹ́fẹ́ tó fẹ́ sí i tó fi di aró, ó máa ń rí bí ewé fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀yin tí ìyá yín tàbí ìyá àgbà yín rẹ aró, ṣé wọ́n ní orúkọ fún àwọ̀ yẹn? Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa gbé iṣẹ́ náà sórí ẹ̀rọ.